Nígbà tí ọmọ bá kọ oúnjẹ: ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn rẹ̀

Ní ilẹ̀ Kétu wa níhìn-ín, bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ebi, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ọdún tí òjò kò rọ̀ dáadáa, tàbí oṣù tí àgbàdo ti tán nínú àká tí tuntun kò sì tíì gbó. Ebi yẹn, a mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ebi kan wà tí ọ̀rọ̀ mìíràn ti kọ́kọ́ wọ inú ṣáájú rẹ̀. Ọkà wà nínú ìkòkò, ọbẹ̀ wà lórí iná, ìyá ń pe ọmọ wá jẹun, ọmọ sì ń dáhùn pé òun ti jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Bí ó ti ṣe lónìí ni yóò ṣe lọ́la. Oṣù mẹ́ta á kọjá, aṣọ rẹ̀ á máa bọ́ ní èjìká rẹ̀, bí ẹ bá sì bi í léèrè, á ní ara òun le koko.

Àìsàn ni. Àwọn dókítà wa tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Faransé ń pè é ní anorexie mentale. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní anorexia nervosa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nípa rẹ̀ lónìí ni ohun tí ó ń ṣe sí ọkàn, mo sì ń sọ nípa ọkàn tí ń lù nínú àyà, kì í ṣe ọkàn tí a fi ń ro èrò. Ní èdè wa, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, èyí sì lè ṣì wá lọ́nà. Ọmọ náà dákẹ́, kì í bínú, kì í sáré, ó jókòó sí ilé ìsìn láì mira, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Àwọn aládùúgbò á ní: "Ẹ ò rí ọmọ yìí bí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀?" Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti rẹ ọkàn náà ni.

Mo mọ èsì tí púpọ̀ nínú yín yóò fún mi. Ẹ ó ní àìsàn àwọn òyìnbó nìyẹn, àwọn tí oúnjẹ pọ̀ fún títí tí wọ́n fi ń sá fún un. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ní ọdún 1873, dókítà Charles Lasègue kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Paris, ní ọdún kan náà dókítà William Gull sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Gull ni ó sì fún un ní orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí di òní. Ohun kan tí Gull ṣàkíyèsí lára àwọn ọmọbìnrin tí ó tọ́jú ni pé ìlù ọkàn wọn lọ́ra ju bí ó ti yẹ lọ. Láti ìgbà náà wá, ìwé lẹ́yìn ìwé ń sọ pé àìsàn àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni, àwọn tí wọ́n fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí àwọn tí wọ́n ń rí nínú ìwé àwòrán.

Ṣùgbọ́n ní 1988, dókítà Famuyiwa kọ̀wé nípa ọmọ Nàìjíríà méjì tí àìsàn náà mú. Èyí tí ó kàn wá jù lọ sì wá láti Gánà. Ní 2004, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé girama méjì ní Gánà. Wọ́n wọn àwọn ọmọbìnrin 668, bí wọ́n ti wúwo tó àti bí wọ́n ti ga tó, wọ́n sì yẹ àwọn tí ó rù wò dáadáa láti mọ̀ bóyá àìsàn ara ni ó fà á. Nígbà tí wọ́n yọ gbogbo ìdí yòókù kúrò, ó ku ọmọ 10 tí kò sí ohun mìíràn tí ó mú wọn rù ju pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi ebi pa ara wọn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ náà sọ. Kò sí èyí tí ó ní òun sanra jù. Wọ́n ní ó dára kí ènìyàn lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu, kí ó lè borí ebi; ọ̀rọ̀ ìsìn ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ara wọn, wọ́n sì rí i bí ohun rere.

Ẹ̀yin òbí, nínú 10 yìí, èwo ni a bá mọ̀ lójú pé ara rẹ̀ kò dá, bí ó bá jẹ́ pé ilé wa ni ó ń gbé? Ọmọ tí ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí tí ó ń sunkún pé òun sanra, a ó tètè mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní òun ń gbààwẹ̀, àwa ni a ó kọ́kọ́ yìn ín.

Nítorí náà ó yẹ kí a rántí ohun tí òfin Ìjọ wí, kò sì gùn. Ìwé òfin ti 1983 sọ pé ọjọ́ àwẹ̀ tí ó di dandan jẹ́ méjì lọ́dún, Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́. Ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 18 tí kò sì tíì pé 59 ni òfin náà mú. Láti ìgbà Pápà Pọ́ọ̀lù Kẹfà, ní 1966, ohun tí a ń pè ní àwẹ̀ ni kí ènìyàn jẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ó sì fi nǹkan díẹ̀ panu ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ọmọ ọdún 15 tí ó ń mu omi nìkan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní gbogbo ìgbà Àwẹ̀, kì í ṣe òfin Ìjọ ni ó ń pa mọ́. Kódà fún gbígba Kómúnió, àkókò wákàtí kan tí kò yẹ kí a jẹun ṣáájú kò de aláìsàn.

Bí ọmọ bá sì dáhùn pé àwọn ẹni mímọ́ kò jẹun, ẹ sọ ìtàn Katarína ti Síẹ́nà fún un, kí ẹ sì sọ ọ́ títí dé òpin. Lóòótọ́, oúnjẹ díẹ̀ gan-an ni ó ń jẹ, ó sì kú ní Róòmù ní 1380, ní ọmọ ọdún 33. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan kọ̀wé sí i láti bá a wí nítorí àìjẹun rẹ̀, èsì tí ó fọ̀ ni pé òun ń fi agbára mú ara òun láti jẹun lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, òun sì ń bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí òun lè máa jẹun bí àwọn ẹlòmíràn. Ó mọ̀ ọ́n sí àìlera, ó sì ń tọrọ ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àyà. Ẹni tí ó bá ti rí ọkàn ewúrẹ́ lórí tábìlì alápatà mọ̀ pé ẹran ni. Ẹran pupa, tí kò ní egungun, tí ń ṣiṣẹ́ láti inú oyún títí di ọjọ́ ikú láì sinmi. Nígbà tí oúnjẹ kò bá wọlé, ara á kọ́kọ́ jẹ ọ̀rá tí ó ti fi pamọ́, ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀, á máa jẹ ẹran ara pẹ̀lú. A rí i ní apá, a rí i ní itan, a rí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tí a kò rí ni pé ó ń jẹ lára ọkàn náà. Ògiri ọkàn á fẹ́lẹ́, yàrá inú rẹ̀ á kéré, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan á dínkù.

Ará wá ń ṣọ́ owó ná, bí ìyá tí àpò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó ń dín ìlù ọkàn kù. Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ìlù ọkàn rẹ̀ máa ń wà láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Lára ẹni tí àìsàn yìí mú, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sí 50, sí 40, kódà kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òru. Wọ́n ti fi ojú rí i lára àwọn tí orí wọn pé pérépéré. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, láti 1944 sí 1945, dókítà Ancel Keys dín oúnjẹ kù fún ọ̀dọ́mọkùnrin 36 fún oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n fúnra wọn gbà láti ṣe é nítorí pé wọn kò fẹ́ lọ jagun. Àwọn ọkùnrin tí ara wọn le ni. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ìlù ọkàn wọn ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 35, ọkàn wọn fúnra rẹ̀ sì ti kéré sí i nínú àwòrán tí wọ́n yà. Òtútù ń mú wọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìwà ọmọbìnrin lásán ni.

Ọmọ tí ó gbọ́n á sọ pé ọkàn àwọn agbábọ́ọ̀lù náà máa ń lù díẹ̀díẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkàn agbábọ́ọ̀lù lọ́ra nítorí pé ó tóbi, ó sì lágbára; bí ó bá tì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ tí ó jáde pọ̀. Òòyì kì í kọ́ agbábọ́ọ̀lù bí ó bá dìde lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í tutù tí èékánná rẹ̀ ń dúdú.

Nǹkan mìíràn wà nínú ọkàn yẹn. Láàárín yàrá rẹ̀ ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí ń ṣí tí ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn. Nígbà tí yàrá bá kéré, ilẹ̀kùn kì í kéré pẹ̀lú rẹ̀, ó sì wá tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn onípákó bá wú ní ìgbà òjò tí kò ṣe é tì dáadáa mọ́. Dókítà lè gbọ́ ariwo rẹ̀ bí ó bá gbé ohun ìgbọ́yà rẹ̀ lé e. Omi náà lè kó jọ yí ọkàn ká nínú àpò rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kì í sábà pa ènìyàn, wọ́n sì máa ń lọ bí ara bá padà.

Èyí tí ń pani lójijì wà nínú iyọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan ni ara ń lò. Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ potassium, òun ni ó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù létòlétò. Àwọn ọmọ mìíràn tí àìsàn yìí mú kì í kọ oúnjẹ nìkan, wọ́n tún máa ń bì í jáde ní kọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n máa mu oògùn tí ń fọ inú àti àgbo tí ń mú ni yàgbẹ́ gbuuru. Gbogbo omi tí ń jáde bẹ́ẹ̀ ń gbé potassium lọ. Ọkàn tí ó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀, tí potassium rẹ̀ tún lọ sílẹ̀, lè ṣi ìlù lù lóru kan kí ó sì dúró. Nígbà tí Karen Carpenter, akọrin Amẹ́ríkà tí àwọn ọlọ́jọ́ orí mi gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò, kú ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1983 ní ọmọ ọdún 32, ọkàn rẹ̀ ni ó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé àìsàn yìí ń pani.

Àwa tí a kàwé Faransé mọ orúkọ Simone Weil, olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n tí ó fẹ́ràn Kristi gidigidi. Ní 1943, ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe é, kò sì fẹ́ jẹun ju bí ó ti rò pé àwọn ará ilẹ̀ Faransé tí ogun há mọ́ ń jẹ lọ. Ó kú ní Ashford ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ní ọmọ ọdún 34. Adájọ́ tí ó wádìí ikú rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ni ó kọṣẹ́, nítorí ebi àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ṣì ń jiyàn bóyá anorexie ni tàbí kì í ṣe òun. Ní tèmi, n kò rò pé ọkàn inú àyà rẹ̀ béèrè ìdí tí oúnjẹ fi dá. Ìbáà jẹ́ nítorí ẹwà, ìbáà jẹ́ nítorí ìfẹ́ ọmọnìkejì, ìbáà jẹ́ nítorí ìsìn, bákan náà ni ẹran yẹn ń joro.

Ó wá ku ohun tí ẹ̀yin ìyá gbọ́dọ̀ mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ìfẹ́ ni ó ń fà á. Ọmọ ti kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbà láti jẹ, tàbí ìbátan kan ti bá a wí tí ó fi gbà. Ayọ̀ á kún ilé. Ìyá á gún iyán, á pa adìẹ, á ní kí ó jẹ ẹ́ tán kí ó tún bù sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ti lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun ńlá tí ó parí ní 1945, àwọn dókítà rí i lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní ilẹ̀ Éṣíà: àwọn tí ebi kò tíì pa kú nínú àgọ́, oúnjẹ òmìnira ni ó dá ọkàn wọn dúró.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ara tí ó ti pẹ́ tí ó ń jẹ ọ̀rá ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iṣẹ́ ṣúgà. Nígbà tí ọkà, gàrí tàbí iyán bá dé lójijì lọ́pọ̀lọpọ̀, ara á tú ohun kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ insulin, èyí tí yóò máa ti ṣúgà wọ inú ẹran ara. Ṣúgà náà kò dá wọlé o. Ó ń fa potassium lọ́wọ́, àti magnesium, àti ohun kan tí ń jẹ́ phosphate, tí ara kò lè ní agbára kankan láìsí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí á tán nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ara á tún máa dá omi dúró, ẹsẹ̀ á wú. Ọkàn tí ó ti kéré á wá rí iṣẹ́ tí ó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì ni ó léwu jù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ èyí kí ó wá fi oúnjẹ du ọmọ o! Bí a bá fi í sílẹ̀ láì jẹun, ikú náà ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tí ó ti rù kọjá ààlà, tàbí tí kò jẹ nǹkan gidi fún ọjọ́ púpọ̀, ojú dókítà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Níbẹ̀, wọn yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, wọn yóò máa fi oúnjẹ kún oúnjẹ bí ó ti yẹ, wọn yóò sì fún un ní ohun tí ó ṣaláìní.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọkàn? Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi ìka méjì, kì í ṣe àtàǹpàkò, lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìhà àtàǹpàkò, níbi tí ẹ ti máa mọ ìlù. Ẹ wo aago, kí ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá tó 50 ní ojúmọmọ, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ lọ. Bí ó bá tó 50 tí ó sì fò ju 20 lọ nígbà tí ó dìde dúró, ẹ lọ. Bí ó bá dákú, bí àyà bá ń dùn ún, bí àyà rẹ̀ bá ń já lù kìkì láì sáré, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, ẹ má ṣe dúró ka nǹkan kan. Kí ẹ sì mọ èyí pẹ̀lú: bí ọkàn ọmọ tí ó rù bẹ́ẹ̀ bá ti ń lọ́ra tẹ́lẹ̀, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí yára lójijì, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ń yá. Ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn ni ó wọlé. Ìlù tí ó dára nìkan kò sì tó láti fi ọkàn yín balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó dára, nítorí àwọn mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn dára lójú ìwé tí ara wọn sì ti joro.

Kí nǹkan tó dé bẹ́ẹ̀, àwọn àmì mìíràn wà nínú ilé: ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró tí kò sì lóyún, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń hù ní apá àti ẹ̀yìn, aṣọ òtútù nínú oòrùn, ọmọ tí ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé tí òun kì í bá wọn jẹ, tí ó ń rìn tàbí sáré láti kékeré ilẹ̀ títí ṣúlẹ̀. Ọmọkùnrin náà máa ń ní in, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ̀ jù lára àwọn ọmọbìnrin.

Ẹ má ṣe nà án. Ẹ má ṣe fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti fi àwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta kún àwẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀mí kan ni ó ń dà á láàmú, ẹ kọ̀. A lè gbàdúrà fún ọmọ tí ó ń jẹun. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí àwo oúnjẹ láàárín yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Mo rí i pé o dákú lánàá, ẹ̀rù bà mí." Èyí sàn ju kí ẹ máa ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu lọ. Kí ó dá eré ìdárayá dúró ní ilé-ìwé títí dókítà yóò fi gbà á láyè.

Ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà fún wa ní Pobè ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Kí ẹ má ṣe gbé ọmọ tí òòyì ń kọ́ sẹ́yìn zémìjàn láìsí ẹni tí ó dì í mú. Bí ó bá gba àwọn tí ó mọ̀ nípa ọkàn dáadáa, Kùtọnù ni wọn yóò rán yín lọ, sí CNHU. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè fi ẹ̀rọ ya ìlù ọkàn náà sórí ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní électrocardiogramme, nítorí ó ń fi ohun tí ìka wa kò lè mọ̀ hàn. Ìtọ́jú ọkàn tí a fi ń ro èrò náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, ó sì máa ń pẹ́ ju ti ara lọ, ó lè gba ọdún.

Ọkàn inú àyà kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ bá ń wọlé bí ó ti yẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí padà sípò, ọwọ́ á gbóná. Bí ẹran ara bá ti ń padà, ògiri ọkàn náà á nípọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ á tún bá ẹnu ọ̀nà mu. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ tí ẹ bá ń lọ sí Pobè, ẹ kọ ìlù tí ẹ kà sílẹ̀ lórí ìwé, èyí tí ó dùbúlẹ̀ kà àti èyí tí ó dúró kà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó jẹun gidi gbẹ̀yìn, àti orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ó ń mu. Dókítà yóò béèrè rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní fẹ́ sọ ọ́.